Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Mi Lórí Alùpùpù Kì Í Ṣe Ìyàwó Mi

Ilé Ọládòkun,
Ẹ̀yìn ọjà kékeré, Gonzagueville,
Port-Bouët,
Abidjan.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Crabe Rouge Balade,
Riviera, Cocody,
Abidjan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YỌ ÀWÒRÁN ÈMI ÀTI ÌYÁ ÌYÀWÓ MI KÚRÒ NÍ ÈBÚTÉ TREICHVILLE KÍ Ó TÓ DI ỌJỌ́BỌ̀ TÓ Ń BỌ̀

Èmi Ìkírámù Ọládòkun, tó ń tún fìríìjì ṣe ní Gonzagueville, ni mo kọ ìwé yìí. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ Kétu ni yín, pé ẹ sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ ní Faransé. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo kọ ọ́ dé ìdajì, mo kà á sókè, ó wá dà bíi pé mò ń ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ àna kì í ṣe ohun tí Faransé lè gbé, tàbí kó jẹ́ pé ìwọ̀nba ìwé tí mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni kò gbé mi dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

1. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù tó kọjá, mo fẹ́ gba alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ yín láti fi yí erékùṣù Boulay ká. Èmi àti ìyàwó mi, Mọ́síùrá, la jọ fẹ́ lọ. Àkókò òjò nìkan ni àwa máa ń ráyè. Ọjà aṣọ tí ó ń tà ní Treichville máa ń dákẹ́ nígbà náà, àwọn èèyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rántí fìríìjì wọn nígbà tí ooru bá ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í lè jókòó sílé fún ọjọ́ méjì. Ara mi kì í gbà á.

2. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹrù ìyàwó mi dé láti Cotonou láìròtẹ́lẹ̀. Kò lè fi aṣọ sílẹ̀ fún òjò. Ó ní kí n mú ìyá òun lọ dípò òun. Ìyá rẹ̀, Àlájà Nusirat, ọmọ Ìgbòho, ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn tí wọ́n ti dé Abidjan ni wọ́n ti ń wo erékùṣù yẹn láti òdìkejì omi, wọn ò sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Mo rò pé wọ́n á kọ̀. Wọ́n ti wọ bàtà kí n tó parí ọ̀rọ̀.

3. Ibí yìí ni ẹjọ́ mi ti kọ́kọ́ wọ́. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù, níbi tí ẹ ti ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, ọmọbìnrin yín tó wà níbẹ̀, Carelle, sọ fún mi pé ẹni méjì kò lè gun alùpùpù kan láìsí afinimọ̀nà, àfi tí wọ́n bá jẹ́ tọkọtaya, àti pé gbogbo afinimọ̀nà yín ti lọ sílé títí òjò á fi dáwọ́ dúró. Ó wá bi mí bóyá ìyàwó mi ni ẹni tó wà níta yẹn. Màmá ń wo àwọn akàn tó ń sáré lórí iyanrìn, wọn ò gbọ́ wa. Mo wò wọ́n, mo wo ojú ọ̀run tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Carelle rẹ́rìn-ín, ó pè mí bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, ó ní, "Tonton, ìfẹ́ kì í béèrè ọjọ́ orí," ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

4. Mi ò ní purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì: ìrìn náà dùn. Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Wọ́n ti da àga dé orí tábìlì ní gbogbo ilé oúnjẹ etí omi, ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí àwọn olówó máa ń jókòó sí lóṣù Kejìlá. A gba àárín oko ọ̀pẹ kọjá, a gba abúlé kan tí wọ́n ti ń sá àwọ̀n sórí ògiri, wọ́n sì juwọ́ sí wa. Màmá kọ́kọ́ jókòó jìnnà sí mi bó ṣe yẹ, wọ́n di irin ẹ̀yìn mú, wọ́n sì gbé báàgì wọn sáàárín wa bí ẹni mọ ògiri. Nígbà tí a já sínú kòtò omi àkọ́kọ́, báàgì bọ́ sílẹ̀, Màmá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú ní ìbàdí. Wọ́n kígbe pé, "Bàbá Ràyhánà, má pa mí o, mo ṣì jẹ gbèsè ààwẹ̀!" Ràyhánà ni àkọ́bí mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo gbé báàgì, mo wá ń rọra lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ló ní kí o máa rọra? Ṣé ìgbín là ń gùn ni?"

5. Nígbà tí a padà dé, ẹrẹ̀ ti bò wá dé ojú. Ẹ̀rín ń pa Màmá, wọ́n sì ti gbàgbé ọwọ́ wọn sí ìbàdí mi. Ayàwòrán yín yà wá. Ó ní fún ìrántí ni. A ò bi í pé ìrántí ta.

6. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwòrán yẹn yọ ní èbúté Treichville, níbi tí gbogbo èrò ọjà ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ga ju ilẹ̀kùn ilé mi lọ. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Faransé pé kí tọkọtaya wá sọ ìfẹ́ wọn dọ̀tun ní erékùṣù nígbà òjò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èmi tí mò ń dọ̀bálẹ̀ kí obìnrin yìí láràárọ̀, tí mi ò lè bá wọn tọwọ́ bọ àwo kan náà, èmi ni gbogbo Treichville ń wò bí wọ́n ṣe dì mọ́ mi.

7. Àwọn obìnrin àsàlátù wọn ló kọ́kọ́ rí i. Bí Màmá ṣe wọlé ní ọjọ́ Àìkú, Àlájà kan, ará Ṣakí, kígbe pé, "Ẹ fàyè gba ìyàwó ọ̀ṣìngín o! Àlájà, ọkọ wa ńkọ́?" Òmíràn ní òun náà ní ọkọ ọmọ tó lágbára, ṣé kóun máa mú un bọ̀. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, Màmá náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, wọn ò jẹun. Wọn ò tíì padà sí àsàlátù títí di òní.

8. Ó yẹ kí n kọ̀wé sí yín nígbà náà. Èmi kì í ṣe ohun tó yẹ lásìkò. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, mo gbé bébà àti gọ́ọ̀mù lọ sí èbúté, mo sì fi bo ojú ara mi nínú àwòrán. Bí mo ṣe fẹ́ bo ti Màmá, olùṣọ́ yọ, mo sá. Kí oòrùn tó gòkè, ọ̀rọ̀ ti yí padà: wọ́n ní Àlájà ti ní ọkùnrin kan tí kò fẹ́ kí ayé rí ojú òun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ mí ṣì lè sọ pé ọkọ ọmọ wọn nìyẹn. Mo mọ̀ pé èyí tí mo ṣe lè burú ju èyí tí ẹ ṣe lọ. Òjò ti fọ bébà náà kúrò, àmọ́ òjò ò fọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyàwó mi, tó ti ń fi gbogbo rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

9. Màmá ti di ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn ń bá mọ́tò Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ padà sí Ìgbòho. Kò sí ẹni tó kù ní Ìgbòho tó máa bu omi fún wọn mu. Ìyàwó mi nìkan ni ọmọ wọn, ibí ló sì wà. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn láàárọ̀, láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n ti ń dá mi lóhùn: "Dìde, kí wọ́n má tún yà wá."

10. Mo ti wá sọ́dọ̀ àwọn èèyàn yín. Carelle ló dá mi lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé, "Tonton, ẹ̀yin lẹ sọ pé ìyàwó yín ni." Òótọ́ ló sọ, mo bá padà sílé. Ojú ọ̀nà ni èsì ti dé. Èmi ni mo purọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa nítorí kọ́kọ́rọ́ kò fún yín láṣẹ láti gbé e kọ́ sétí omi. Màmá kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè: èmi ò bi wọ́n, ẹ̀yin náà ò bi wọ́n.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ sọ àwòrán náà kalẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ síbí ni pé kí ẹ fà á ya wẹ́wẹ́. Lánàá ni Màmá gbọ́ nípa lẹ́tà yìí lẹ́nu ìyàwó mi, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n má kọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú, àwọn ò tíì rí ojú ara àwọn nínú ẹ̀rín báyẹn. Kí ẹ rọra ká a, kí ẹ gbé e wá fún àwọn. Bí ó bá dé ilé kí mọ́tò tó gbéra, àwọn á tú ẹrù. Ògiri yàrá wọn kò gbà á, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ yín. Kìkì pé kí ẹ gé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Mo bi wọ́n pé èmi ńkọ́, ṣé kí n ní kí ẹ gé èmi náà kúrò? Wọ́n ní, "Dúró síbẹ̀ jàre. Tí wọ́n bá gé ọ, ta ni wọ́n á ní ó ń wà mí lọ?"

Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí kò ní purọ́ fún yín mọ́,

Ìkírámù Ọládòkun,
Alátùn-únṣe fìríìjì, ọkọ Mọ́síùrá.