Orúkọ Mi Lára Ilẹ̀kùn Yàrá Kọ̀ǹpútà

Yàrá Kọkàndínlógún,
Àjà Kẹta, Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́.
Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi àlùmọ́gàjí yín gé ìwé? Ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú wàhálà oníbàárà. Mo ní kí n tètè kí yín dáadáa, torí tí mo bá ti wọnú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi, mi ò ní rántí ìkíni mọ́. Inú ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń bí mi.

Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi náà ni ẹ máa ń rán lọ sílé aládùúgbò, tí n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìkanlẹ̀kùn títí ẹnì kan yóò fi jáde. Oṣù kejì rèé tí mo dé ibí, ojú ni mo sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Mo mọ ẹni tó máa ń jẹ èékánná tí iṣẹ́ bá le, mo mọ ẹni tó ń jí àga elòmíràn gbé. Kò sí ẹni tó mọ èmi.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló lágbára tó fún iṣẹ́ ìṣirò wa ní ẹ̀ka yìí. Ojú mẹ́fà, ìyẹn mọ́nítọ̀, ni wọ́n so mọ́ ọn, kí ènìyàn mẹ́fà lè jọ lò ó. Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo ènìyàn ń pe alábòójútó yàrá náà, torí òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí ẹni tó bá wọlé. Ọrùn ló ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ́ sí. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà. Áńkáṣíìfù ara rẹ̀ ló fi ń nù ún. Ó tún wá fi ìkìlọ̀ kan sójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lẹ́tà pupa gbàgàdà tó ń sáré láti ọ̀tún sí òsì láìdúró: KỌ̀ǸPÚTÀ YÌÍ KÌ Í ṢE TI BÀBÁ ẸNIKẸ́NI.

Láti ìgbà tí àwa tuntun ti dé ni ẹ̀rọ náà ti ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ tẹ lẹ́tà kan, ẹ ó họrí tán, ẹ ó sọwọ́ kalẹ̀, kó tó jáde. Fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí òwú há sí lẹ́nu. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ya gbogbo ohun tí a ń rí lójú rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti ń wọ́, ètò yìí ni Má-fọwọ́-kàn-án máa ń pa, yóò sì tún un tàn. Tó bá sì ti pa á, gbogbo iṣẹ́ tí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí sílẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ lọ báyìí. Ńṣe ló gborí lé tábìlì.

Lọ́jọ́ Ajé, Má-fọwọ́-kàn-án dúró láàárín yàrá, ó nawọ́ sí mi. Ó ní èmi ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tèmi ló máa ń gùn jù, àti pé èmi ni mo kọ orúkọ kẹ́yìn sínú ìwé àwọn tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó pariwo pé, "Kí ìwọ tó dé, kọ̀ǹpútà mi kì í rojọ́. Gbé báàgì ẹ, kó o jáde." Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Ó kọ orúkọ mi sórí ìwé kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni ìṣirò mi gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ wa, wákàtí mọ́kànlá ni ẹ̀rọ náà yóò sì fi ṣe é. Bí mi ò bá rí i fi sílẹ̀, mo ti pàdánù ọdún yìí nìyẹn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ilẹ̀kùn ló tì mọ́ mi, kò rántí ti kọ̀ǹpútà. Èèyàn lè gba orí kọ̀ǹpútà láíbìrì wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa rí, kò ní rí àwòrán. Aago méje àárọ̀ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n tó ṣí yàrá, mo ti láíbìrì wọ inú rẹ̀, mo bi ẹ̀rọ léèrè ẹni tó ń jẹ ọpọlọ rẹ̀. Ẹ ka ọpọlọ yẹn sí ọwọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mẹ́wàá ń dúró, ọ̀kan wá ní kí ẹ tú etí aṣọ òun, kí ẹ tún un rán. Ẹ rán an tán, ó ní kí ẹ tún tú u. Ètò tó ń yàwòrán yẹn ni oníbàárà náà. Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lòun nìkan ń jẹ. Iṣẹ́ tèmi kò sí níbẹ̀ rárá. Kò sí ènìyàn kankan nínú yàrá.

Mo wá ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń kọ nípa ara rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ìwọlé wa ni Má-fọwọ́-kàn-án fi àtúnṣe kan sí i, láti ọjọ́ náà ni káàdì tó yẹ kó máa yàwòrán kò ti jẹ́ ìpè mọ́. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló wá ń yà á. Àwòrán tó bá dúró jẹ́ẹ́ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó ń sáré yẹn, tó bá sún díẹ̀ báyìí, ó di dandan kí ó tún ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yà, ní ọgbọ̀n ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo rẹ́rìn-ín nínú láíbìrì débi pé ẹni tó wà níwájú mi yíjú. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi gan-an.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un lọ́jọ́rú. Kò kà á. Ó bi mí bóyá èmi tí mo dé lánàá òde yìí ni n ó kọ́ òun níṣẹ́, ó sì ń fi ìwé mi fẹ́ ara rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ rí wa. Ó sáré bá mi, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo mọ ohun tó jẹ iṣẹ́ mi?" Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ níbí. Ó gba ẹ̀dà kejì, ó gbé e lọ fún olùkọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ wọlé. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Ó ní kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ yẹn. Má-fọwọ́-kàn-án ní kò kan ìkìlọ̀. Olùkọ́ ní, "Ẹ sáà yọ ọ́ ná." Má-fọwọ́-kàn-án yọ ọ́. Fáànù dákẹ́ rọ́rọ́. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún di mẹ́fà. Wọ́n tún káàdì ṣe, kò gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Olùkọ́ ní kí n wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi kó tó di ọ̀sán, àná ni mo sì fi sílẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló wá kù tó ń bí mi nínú. Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, Má-fọwọ́-kàn-án fẹnu sún mọ́ etí mi, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kò sí ìjà, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Wúyẹ́wúyẹ́! Ẹni tó fi igbe lé mi jáde. Orúkọ mi ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbangba lẹ ti fẹ̀sùn kàn mí. Ẹ sọ èyí náà sókè."

Àwọn tó kù yíjú. Má-fọwọ́-kàn-án lọ síbi ilẹ̀kùn, ó já ìwé náà, ọ̀dà bá a ṣí, ó ká a sápò. Kò wò mí. Ó sọ fún ilẹ̀kùn pé, "Kì í ṣe ọmọ yìí. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì gbé e mì.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ fọwọ́ ra ìbejì lórí. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní kí n kí yín. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí. Bí wọ́n bá ní àfojúdi ni mo ṣe sí àgbàlagbà, ẹ bá mi bẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní kí n lọ bẹ òun.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìbínú,
Àbíkẹ́yìn yín.