Ẹ Má Tíì Ta Sípíkà Wa

Bàbá Kifayat,

Mo kí yín láti Àbíjáǹ o. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Mo ti ka lẹ́tà yín, pé ẹ fẹ́ ta sípíkà ńlá wa méjèèjì fún Bọ̀wálé ará Iléṣà, kí n lè rówó ọkọ̀ wálé. Ta ló sọ fún yín pé ìsọ̀ mi jóná? Mo kàn fi ọjà sílẹ̀ sinmi díẹ̀ ni. Bàbá arúgbó kan, ará Ẹjìgbò, ni mò ń tọ́jú.

Irú sípíkà wa gan-an ló wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn ọ̀kan kí n wò ó. Pátákó kékeré kan tí wọ́n we wáyà sí ló ń pín ohùn: ó ń gbé èyí tó rinlẹ̀ fún ẹnu ńlá sípíkà náà, ó ń gbé èyí tó tínrín fún ẹnu kékeré. Ó ní, "Ìyá Kifayat, inú ibí lowó ẹ̀ wà."

Ohun tí ẹ kọ pé Bọ̀wálé ní òun máa yọ dànù nìyẹn, kó lè pariwo! Bó bá yọ ọ́, ẹnu kékeré yẹn á jó lọ́jọ́ kan. Owó pákó lásán ló fẹ́ san.

Ẹ má tà á. Ẹ bá mi kí Kifayat, ẹ ní ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbowó lọ́wọ́ Bọ̀wálé, ẹ ṣáà fi ránṣẹ́.

Èmi Àpìkẹ́ yín.