Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Lè Pè

                                        Agboolé Abọ́dẹrìn,
                                        Ìkàrẹ́, Àkókó.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 1927.

Limota, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Gbogbo ará Ọ̀kà ńkọ́? Ìyá wa àgbà ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti rọlẹ̀? Bùsàrí ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ, àbí ọyàn ṣì ni ó ń fi erìgì jẹ? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Bí mo ṣe ń fa ìkíni gùn báyìí, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó kàn ló ń bà mí. Jọ̀wọ́, má kà á sí ẹnikẹ́ni létí títí o ó fi kà á tán.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọkọ mi gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ń wá obìnrin kan tó mọ̀wé díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni yóò máa dúró sí, tí yóò máa pe àwọn aláìsàn wọlé bí orúkọ wọn ṣe wà nínú ìwé, tí yóò sì máa bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ dán ẹnu ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà wò. Limota, o mọ̀ mí. Èmi tí mo bá ń kàwé ní kíláàsì, tí ẹ ó máa bèèrè bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Bí n kò bá rí i, bí òjò bá ti rọ̀, oko Ugbe ni mo ń bá àwọn ìyàwó ilé lọ, ìwé ọdún mẹ́rin yẹn á sì jẹrà sí mi nínú.

Ọkọ mi ló kọ́ mi. Rufus ni mò ń wí o. Ọwọ́ mi lè kọ ọ́, ẹnu mi ni kò lè pè é. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti ká aṣọ tó ń rán, á gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé, á dé akẹtẹ̀ oko bí òyìnbó, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní, “Ìwọ obìnrin yìí, kí lorúkọ rẹ?” Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń fi í rín. Ó ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n dìde, kí n wo ojú ẹni tó ń bi mí, nítorí òyìnbó gbà pé irọ́ ni ẹni tó bá ń wolẹ̀ ń pa. Kí n má fi ọwọ́ bo ẹnu. Kí n má jẹ́ kí ìparí ọ̀rọ̀ kú sí mi lọ́fun. Á wá rìn lọ sí ìdí ọsàn lọ́hùn-ún, á ní kí n sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́ ọ níbẹ̀.

Sẹ̀gilọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò jẹ́ ká sinmi. Ó ní, “Ìyàwó, ewúrẹ́ mi ti mọ tiyín o. Mo lé e nídìí èlùbọ́ láàárọ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ mi.”

Orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, ilé-ìwé mi, kò sí èyí tí ọkọ mi kò bi mí. Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Mary, ọmọ Etioro kan tí kò tíì lọ́kọ, la lọ. Ìyá òyìnbó tó ń ṣe olórí ilé oògùn náà jókòó sídìí tábìlì, Tíṣà Olúrántí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo dáhùn ìbéèrè mẹ́ta geere, ohùn mi ya èmi alára lẹ́nu. Ni wọ́n bá ní, “Kí lorúkọ ọkọ rẹ?”

Ètè mi lẹ̀ pọ̀. Ìyàwó oṣù mẹ́ta, kí n la ẹnu pe olówó orí mi! Mo wolẹ̀. Wọ́n tún bi mí. Mo ní, “Ọmọ bàbá wa ni.” Ìyá òyìnbó bi tíṣà bóyá mo tilẹ̀ lọ́kọ lóòótọ́. Mo bá mú pẹ́ńsù orí tábìlì, mo kọ orúkọ náà sílẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàlàyé èèwọ̀ wa. Ìyá òyìnbó ronú títí. Wọ́n ní ó yé àwọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ìdajì àwọn tó ń wá gboògùn, ará ilé ọkọ mi ni. Báwo ni n óò ṣe pè wọ́n? Kí èmi àti Mary padà wá lọ́jọ́bọ̀, kí a pe aláìsàn kí àwọn gbọ́.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Áà! Mo gbàgbé ara mi!” Ó ní kí n lọ ṣàlàyé fún Bàbá. Báwo ni n óò ṣe kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ mi pé mo fẹ́ máa pè wọ́n lórúkọ? N kò lọ. N kò mọ̀ bóyá òun lọ.

Lánàá, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, Mary ló kọ́kọ́ pè, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìwé sí mi. Mo pe ará Àjọwá méjì, mo pe ará Ugbe méjì, wọ́n wọlé. Orúkọ karùn-ún ni Abọ́dẹrìn. Mo gbójú sókè, Bàbá ló jókòó sórí pákó lọ́hùn-ún tàwọn ti egbò ẹsẹ̀ wọn, Sẹ̀gilọlá tó mú wọn wá sì dúró tì wọ́n. Mo ronú kíá, mo ní, “Bàbá ọkọ mi, ó kàn yín o!”

Bàbá mẹ́ta ló dìde. Agboolé kan náà ni wọ́n, bàbá ọkọ mi ni gbogbo wọn. Ẹ̀rín sọ. Ìyá òyìnbó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìwé.

Mo pe orúkọ náà wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá èèrà sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá méjì yòókù jókòó, Bàbá náà jókòó. Bàbá kò wò mí. Wọ́n ní, “N kò gbọ́.”

Mo ní ilé ọkọ mi ti bàjẹ́ mọ́ mi lórí nìyẹn. Sẹ̀gilọlá ti yíjú sógiri. Mo tún pè é.

“N kò gbọ́. Ṣé inú ìkòkò lo wà ni?”

Limota, n kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Mo la ẹnu, mo pe Abọ́dẹrìn débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró. Bàbá na ọ̀pá wọn, wọ́n dìde, wọ́n ń tiro bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Báyìí ni kí o máa pe àwọn yòókù.”

Ìyá òyìnbó ní ohùn tó dá èrò ojú ọ̀nà dúró ni àwọn ń wá; èmi ni wọ́n mú. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti àná, Sẹ̀gilọlá kò jẹ́ ìkíni mi. Ọjọ́ ọjà sì ni ọ̀la, àwọn ará Ọ̀kà yóò wá, ẹnu ni wọn yóò fi ru ọ̀rọ̀ mi relé. Ìdí nìyí tí mo fi yára fi lẹ́tà yìí rán Badmus olóbì lónìí. Kí ìyá mi tó gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà pé ọmọ wọn pe bàbá ọkọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta níta gbangba, jọ̀wọ́, sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. Má sọ pé irọ́ ni. Sọ ìdí tó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta fún wọn.

Bá mi kí ìyá wa àgbà, bá mi kí Bùsàrí, fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Badmus yóò dúró gba èsì.

                                        Èmi ni tìrẹ, tí àyà ṣì ń já,
                                        Adùnọlá