Fíìmù Ròkíátù Tí Mo Fọ̀ Láìdúró De Yìnyín

Èmi, Josẹ́fù Lásúnkànmí Bádéjọ, onífọ́tò, ọmọ bíbí Mowe tí ó fi Ìfọ̀ ṣe ibùgbé, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ara mi sì le tó bẹ́ẹ̀ tí mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ibafo lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo sì padà dé lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó rọ̀ mí, kò sí ẹni tó fi ọtí tàn mí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé iyè mi ti ra, kí ó wo bí ìlà ìwé mi ṣe gún. Pàṣán àwọn olùkọ́ ilé-ìwé gíga ló mú un gún, kò sì tíì wọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́, ọ̀gá ìdíkọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, àti Láwàl aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, ni mo yàn láti ṣe alámòójútó. Kí wọ́n kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń fo ibi tí orúkọ bá ti pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibì kankan níbí.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Ilé mi ní Ìfọ̀, yàrá méjì àti pálọ̀, èyí tó kọjú sí ojú irin, mo há a fún ìyàwó mi Tòún, òun nìkan. Páànù tó ń jò lókè ibùsùn wà lára ohun tí mo há fún un. Ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ fún mi. Ó ní ọkùnrin tó lè dúró wákàtí méjì kí oòrùn tó yí sí ibi tó fẹ́, kò lè dúró lórí àkàsọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

ÌPÍN KEJÌ. Ilẹ̀ oko mi ní Mowe, kí àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì tí wọ́n wà ní Èkó pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n igi obì tó wà ní ààlà, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ará ilé bàbá mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá wọn ṣe ẹjọ́ rẹ̀, obì tí mo sì ká níbẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Igi náà yóò tún jẹ yọ nínú ìwé yìí, kì í ṣe fún ire.

ÌPÍN KẸTA. Àgbò mi, kí wọ́n fà á fún ìjọ wa fún ọjọ́ ìkórè. Ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ aṣọ. Òun ló jẹ etí aṣọ ńlá tí mo ya òkun àti ọkọ̀ ojú omi sí, tí mo ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó bá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi ti ń jókòó síwájú ìdajì ọkọ̀.

ÌPÍN KẸRIN. Fọ́tò obìnrin kan wà nínú gíláàsì lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi. Kí wọ́n dá a padà fún Ìbíwùnmí ní Ibafo. Kí Tòún má bínú. Ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wa ni mo yà á. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ní kí ó na ọrùn, kí ó pa ètè dé, kí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí ó má mira, títí oòrùn fi kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe báyìí síni nínú fọ́tò, báyìí náà ni yóò máa ṣe síni nínú ilé. Káfíńtà ló fẹ́.

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Kámẹ́rà ńlá mi onígi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, aṣọ dúdú tí mo fi ń bo orí, fìtílà pupa, àwo ìfọ-fíìmù mẹ́ta àti gbogbo ohun tó wà nínú yàrá dúdú tí mo ti ń fọ fíìmù, mo há wọn fún Ròkíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Wúlẹ̀mọ̀tù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí jọ mu ọmú kan náà. Bàbá wa ló yàtọ̀. Òun tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ròkíátù ń ta aṣọ ní ọjà Ìfọ̀. Ní ọdún 1951 ó ra kámẹ́rà alápòótí kékeré kan ní Èkó, ó sì máa ń gbé fọ́tò rẹ̀ wá bá mi kí n sọ ibi tó kù sí fún un. Àwọn ọmọ mi yóò bèèrè ìdí tí mo fi gbé irinṣẹ́ mi fún aláṣọ. Ìdí ni pé àwọn kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí nípa iṣẹ́ náà, àfi ìgbà tí n óò kó o kúrò nínú yàrá kí àlejò wọn lè rí ibi sùn.

Irinṣẹ́ nìkan kò tó. Mo fi ìmọ̀ràn yìí kún un, nítorí pé ìbínú ni mo fi ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí a bá sì ń jágbe mọ́ kì í gbọ́ ju ariwo lọ.

Ròkíátù, o máa ń jìnnà jù. Nínú fọ́tò tí o yà níbi ìgbéyàwó ọmọ alágbẹ̀dẹ, ìyàwó kò ju èèrà lọ. Ilẹ̀ lásán ló gba gbogbo rẹ̀. Ojú ló ń tì ọ́ láti sún mọ́ ènìyàn. Sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n má dín ìṣísẹ̀ mẹ́ta kù, nítorí kámẹ́rà alápòótí kì í rí ohun tó bá wà nídìí imú rẹ̀.

Má ya ẹnikẹ́ni ní ọ̀sán gangan. Oòrùn àtàrí a máa gbẹ́ ihò sí ojú ènìyàn. Dúró di ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń padà bọ̀ wálé, tàbí kí o mú ẹni náà wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Má fi ẹni tó dúdú ti ògiri ẹfun. Ti ògiri ni kámẹ́rà yóò gbọ́, ojú ẹni náà yóò wá dà bí ìdí ìkòkò. Ògiri amọ̀ ni kí o wá. Wo ẹ̀yìn ènìyàn dáadáa kí o tó tẹ̀ ẹ́. Títí di òní ni wọ́n ń fi katikíìsì ìjọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpó rélùwéè hù lórí rẹ̀ nínú fọ́tò. Fi ìgúnpá há ìhà, mí sínú, dá èémí dúró. Má sì fi etí ìró nu ojú kámẹ́rà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti sọ èyí?

Títẹ fọ́tò sórí pépà, mo ti kọ́ ọ, o sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Fífọ fíìmù ni n kò kọ́ ọ. Mo ní kò tíì tó àkókò. Irọ́ ni, mo fẹ́ kí o máa gbé e wá bá mi ni.

Ní ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ mọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé àgbà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gbọnrangandan, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú méjì, etí méjì, ẹsẹ̀ kí ó pé. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ àgbà kúrò nínú fọ́tò ti rí i fín. Ìwọ a máa gé ẹsẹ̀. O máa ń jẹ́ kí wọ́n yíjú, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Mo bú ọ. Mo ní o ń ya àgbà bí ẹni ń ya ewúrẹ́. Mo ti kọ òfin yìí síbí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù, mo sì tún fi gègé pa á rẹ́.

ÌPÍN KẸFÀ. Èyí kì í ṣe ogún. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí a kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi Wúlẹ̀mọ̀tù kọ̀ láti jókòó fún mi kí n yà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo ṣe ń to ènìyàn síwájú kámẹ́rà, bí ẹni ń tẹ́ òkú ni. Pé òun náà yóò nà gbalaja bẹ́ẹ̀ tí àkókò bá tó, kí n fara balẹ̀. Àárín ọjà ló ti sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ní oṣù kejì ọdún 1953, Ròkíátù gbé fíìmù kan wá fún mi. Ó ní ìyá òun gbà kí òun yà á níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, fọ́tò mẹ́jọ. Mo ní ó dára. Inú mi kò dára.

Kò sí onífọ́tò kan nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ pé a kì í fọ fíìmù nínú omi tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ìgbà ooru, yìnyín ni à ń dúró dè; ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ló ń gbé tèmi bọ̀ láti Èkó, tí wọ́n fi àpò wé. Lọ́jọ́ náà yìnyín kò dé. Mo gbọ́dọ̀ wà ní Mowe lọ́jọ́ kejì nítorí ẹjọ́ igi obì, n kò sì fẹ́ dúró. Mo ti ìka bọ omi náà. Mo mọ̀ pé ó gbóná jù. Mo ri fíìmù náà sínú rẹ̀. Awọ tí àwòrán wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò bí èèpo kókò tí a bọ̀. Méje nínú mẹ́jọ ló ṣàn dànù sínú àwo lójú mi.

Nígbà tí Ròkíátù dé, mo ní ìmọ́lẹ̀ ló wọ inú kámẹ́rà rẹ̀, pé àpótí náà ti lanu níbì kan. N kò fi fíìmù hàn án. Ó gbà mí gbọ́. Ta ni ìbá tún gbà gbọ́? Ó lọ fi ìda àbẹ́là dí gbogbo eteetí àpótí náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo níbikíbi. Ni àwọn obìnrin ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé fọ́tò tó kọ̀ tí kò jáde ló gbé ẹ̀mí obìnrin náà lọ, àti pé ọmọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Ròkíátù ṣe sàráà. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sí òkè àjà, kò sì tún bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà. Ata ni mo ń rà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo gba ata mi, mo lọ.

Ọ̀kan kù nínú mẹ́jọ náà, èyí tó wà ní ìparí fíìmù. Ó mọ́ kedere. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ wà ní itan rẹ̀, etí kan ló hàn, ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Òun gan-an ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò ya ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá fi han Ròkíátù, yóò mọ̀ pé kámẹ́rà òun kò lanu, nítorí àpótí tó lanu kì í dá ọ̀kan sí kí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo fi pamọ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìkánjú ló bà á jẹ́, kì í ṣe owú. Lọ́jọ́ míràn mo máa ń gbà á gbọ́. N kò lè búra.

Nítorí náà, Ròkíátù, ìmọ̀ràn tó kù nìyí. Bí onífọ́tò kan bá tún sọ fún ọ pé kámẹ́rà rẹ ló ba fíìmù jẹ́, ní kí ó gbé e síta kí o wò ó. Bí ó bá dúdú biribiri láti orí dé ìdí, òótọ́ ló sọ. Bí awọ rẹ̀ bá ti ṣí, ọwọ́ ẹni náà ni kí o wò.

ÌPÍN KEJE. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù fífọ̀, ti fọ́tò ọ̀kan tó kù náà wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ tábìlì yàrá dúdú. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ọ́ síbí pé kí Ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́ gbé e fún Ròkíátù nígbà tí mo bá kú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo tún un kà, ojú tì mí. Ìdílé bàbá mi kì í tètè kú. Bàbá mi lé ní ọgọ́rin. Ṣé kí ọmọ yìí wá máa ru ikú ìyá rẹ̀ kiri fún ọgbọ̀n ọdún sí i, kí ọkàn èmi lè balẹ̀ nínú pósí? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ láti jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo ra aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì padà wálé. Tòún bi mí bóyá mo fẹ́ máa ta aṣọ, kí n máa bá Ròkíátù du oníbàárà.

Mo yí ìpín yìí padà. Lónìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ránṣẹ́ pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbé ìwé yìí lé e lọ́wọ́ níwájú àwọn alámòójútó méjèèjì. Ó kà á lórí ìjókòó àwọn oníbàárà. Ó ka ìpín kẹfà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sunkún. Ó ní, Bàbá, ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde jàre, pé ọjà ti rí nǹkan sọ tó. Ó gbé nẹ́gátíìfù náà sí ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá dúdú. Mo ní n óò bá a wọlé, pé pépà tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, pé ó yẹ kí n fi ibi tí yìnyín wà hàn án. Ó ní rárá, òun yóò rí i. Kí n dúró síta.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo há fún un ní ìpín karùn-ún ti di tirẹ̀ láti òní lọ, kì í ṣe lẹ́yìn ikú mi. Orí ìjókòó ìta ni mo ti ń kọ gbólóhùn yìí. Mo ń gbọ́ omi tó ń dà nínú àwo. Láwàl ní kí n fọwọ́ sí i kí òun lè padà sídìí ẹ̀rọ òun, ṣùgbọ́n òun náà kò dìde. Ilẹ̀kùn kò tíì ṣí.

Mo fọwọ́ sí i:
J. L. Bádéjọ, onífọ́tò

Ní Ìfọ̀, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, ọdún 1957.

Àwọn tí ó ṣojú wọn, tí wọn kò sì jogún ohunkóhun nínú rẹ̀:
Dáníẹ́lì Sàlàkọ́, ọ̀gá ìdíkọ̀ rélùwéè tẹ́lẹ̀
Láwàl Ṣàràfá, aránṣọ