Ìgò Epo Ẹja Tí Ẹ Gbé Wá Sí Láàbù

Bàbá mi,

Mo fẹ́ kọ "ọ̀wọ́n" tẹ̀lé e, ọwọ́ mi kọ̀. Láti ìgbà tí a ti sin yín sí Aradagun ni àwọn ẹbí ti ń sọ pé èmi ni mo pa yín. Ẹ gbọ́ tẹnu mi, nítorí ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí nígbà tí ẹ wà láyé.

Ẹ rántí ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti bodè Sẹ̀mẹ̀, tí mílíìkì ọmọdé di ohun tí à ń tò fún? Epo ẹja wọ́n, àmọ́ kì í tán ní kẹ́míìsì yín. Mo ń fi yín yangàn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń gbà á fún Sẹ̀nàmì, ọmọ mi, tí dókítà ní egungun rẹ̀ rọ̀, pé epo ẹja ni yóò mú un le. Ẹ máa ń fi etí bùbá yín nu ìgò náà kí ẹ tó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi ní láàbù, níbi tí a ti ń yẹ epo wò bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ásíìdì inú ọ̀rá ẹja yàtọ̀ sí ti ẹ̀pà. Torí náà a ní epo kan láti òkè òkun tí wọ́n ti wọn ohun inú rẹ̀ dájú. Òun la fi ń mọ ojúlówó. Nígbà tó tán, kò sí owó òkèèrè láti ra òmíràn. Mo sọ ọ́ fún yín níbi oúnjẹ alẹ́. Kò pẹ́, ẹ mú ọ̀rẹ́ yín ṣọ́jà dání, ẹ gbé ìgò kan síwájú ọ̀gá mi.

"Ojúlówó rèé," lẹ wí. "Òun ni kí ẹ máa fi wọn ti àwọn yòókù."

Ọ̀gá mi wo ìbọn, ó gbà á. Obìnrin oníkẹ́míìsì kan ní Kankon kó epo ẹja gidi wọlé láti Kùtọnu. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, kò bá tiyín mu, àwọn ṣọ́jà sì dà á nù lójú títì. Ó jókòó ti epo náà, ó ń sunkún.

Nígbà tí epo òkè òkun dé padà, tiyín ni mo kọ́kọ́ fi wé e. Òróró ẹ̀pà ni, tí ẹ fi òórùn ẹja sí. Mo wá bá yín.

"Ẹ mọ̀ pé Sẹ̀nàmì ló ń mu ún?"

"Òróró ẹ̀pà kì í pa ọmọ," lẹ dáhùn, ẹ sì ń jẹun yín lọ.

Mo gbé èsì náà fún obìnrin Kankon, ó sì fi han àwọn tó ń ra epo fún ọmọ wọn. Àwọn ìyálọ́mọ ló ti kẹ́míìsì yín pa. Ọ̀rẹ́ yín ṣọ́jà kò yọjú. Àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ẹ kú, mi ò sunkún.

Ṣé ẹ kò ní ìgò gidi kan ṣoṣo tí ẹ lè fi pamọ́ fún Sẹ̀nàmì? Ṣé ẹ tiẹ̀ rò ó rí, nígbà tí ẹ bá ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn?

Lọ́la ni wọn yóò ṣẹ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wọ́ ní ọsibítù, kí wọ́n tún un tò kó lè tọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó bi mí bóyá ẹ máa ń rí òun láti ibi tí ẹ wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ má gbójú kúrò.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
ìyá Sẹ̀nàmì.