Abẹ́rẹ́ Tó Wà Nínú Fíríìjì Mi

Kubwa, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Bàbá Tóbi, aládùúgbò mi, ń gbààwẹ̀ ìjọ wọn, ó sì tún gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni tó jẹun. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa pè mí, ó ti dákú. Àwọn ará ilé ń gbàdúrà, wọ́n ń da omi sí i lójú. Mo ní kí wọ́n yà fún mi jàre.

Èmi náà ní àtọ̀gbẹ. Mo sáré mú abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tèmi nínú fíríìjì, èyí tó ń gbé ṣúgà ara tó bá já wálẹ̀ sókè, mo po oògùn rẹ̀, mo gún un nítan.

Nígbà tó yá, ó lajú. "Mi ò ní mu nǹkan kan o, ààwẹ̀ ò tíì parí." Àfìgbà tí mo jágbe mọ́ ọn kó tó mu omi ṣúgà!

Ìyá Tóbi dì mọ́ mi. "Màmá, ẹ ṣé o. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló máa gún yín?"

Mo ní Ọlọ́run ni. Ẹni tó dákú ò lè gún ara rẹ̀. Látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi, tí ì bá gún mi, ti kú, mo kàn ń fi abẹ́rẹ́ yẹn sínú fíríìjì ṣáá ni...

Nígbà tí mo padà délé, mo ti ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo tún dìde, mo lọ ṣí i. Olè lè wọlé o. Àmọ́ bí mo bá dákú, ẹni tó máa bá mi nílẹ̀ náà á lè wọlé.