Mọ́tò Àtijọ́ fún Zubair, Tòkunbọ̀ fún Zulaikha

Kí ẹnikẹ́ni tó kí mi, ẹ kọ́kọ́ san owó ẹja tí mo jẹ ìyá Mercy ní Efire. N kò jẹ ẹlòmíràn. Ó yá, ẹ kú ìjókòó.

Èmi, Hasanat Ọmọ́táyọ̀ Ọládòṣù, oníṣòwò ẹja yíyan, ará Ojowo ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ara mi le. Kí ẹnikẹ́ni má tíì sunkún.

1. Alábòójútó ni Mùbàṣírù, àbúrò ọkọ mi. Òun ló sọ nígbà kan pé obìnrin tó bá mọ mọ́tò wà yóò wà á jáde nílé ọkọ. Ńṣe ni Jubril ọkọ mi mú mi lọ sí pápá bọ́ọ̀lù Atikori. Ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Jubril ti lọ, mo ṣì wà nílé ọkọ, èmi ni mo sì ń wa Mùbàṣírù lọ sí ọsibítù. Mo fọkàn tán an.

2. Ilé àti àwọn ewúrẹ́: kí ọmọ mi méjèèjì, Zubair àti Zulaikha, pín wọn bí Àlùkùránì ti là á sílẹ̀.

3. Mọ́tò àtijọ́ tí Jubril fi kọ́ mi, Zubair ni mo fún. Yóò fajú ro, nítorí ó ti ní kí n tà á fún àwọn onírin. Lóòótọ́, ó ń mu epo bí ẹni tó ń ṣínu ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀. Tíṣà ni Zubair ní Àgọ́-Ìwòyè. Bí mọ́tò bá kú lọ́nà, yóò fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé.

4. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí mo rà, Zulaikha tí a jọ ń ṣòwò ẹja ni mo fún. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fún ẹ̀gbọ́n òun, kí òórùn ẹja má bàa bà á jẹ́. N kò gbà. Bí tòkunbọ̀ bá ṣàìsàn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan, bíréèkì rẹ̀ sì ń mú. Mọ́tò àtijọ́ ti já Zulaikha kulẹ̀ lójú ọ̀nà Efire, tòun toyún nínú òjò. Òórùn ẹja kì í pa ènìyàn.

5. Alùfáà ní n kò lè há ohun kan fún ajogún kan, àfi bí èkejì bá yọ̀ǹda. Nítorí náà, ẹnu Zubair ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Bí ó bá kọ̀, ẹ ta mọ́tò méjèèjì, ẹ pín owó wọn. N kò ní gbé e ṣépè. Ṣùgbọ́n Zubair, ìwọ tí o máa ń pọn àbúrò rẹ kọjá omi lọ sílé kéú nígbà òjò, n kò rò pé o ó kọ̀.

Mo fọwọ́ sí i, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù, 2024.
Hasanat Ọmọ́táyọ̀ Ọládòṣù

Ẹlẹ́rìí: Titus Ẹnìtàn, mẹkáníìkì.
Ẹlẹ́rìí: Sarah Ọmọ́títí, aládùúgbò.

Zubair, ọjọ́ Iléyá, Àìkú tó ń bọ̀, tí a bá ti Yídì dé, ni mo ń retí èsì rẹ.